Ẹ ra wáyà kẹ́ ẹ tó ra àpótí: Commodore 64 àti Spectrum lórí mọ́nítọ̀ HDMI

Bí ẹ bá ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ nílé, irú èyí tí kíbọ́ọ̀dù àti gbogbo inú ẹ̀rọ wà pọ̀ lójú kan, tẹ́ ẹ sì fẹ́ rí i lórí mọ́nítọ̀ tí wọ́n ń tà ní Pánṣẹ́kẹ́ l'Abẹ́òkúta lónìí, ẹ má tíì ná kọ́bọ̀. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta, kẹ́ ẹ wo ihò tó wà níbẹ̀. Ibi tí àwòrán gbà jáde ló máa pinnu bó ṣe máa rí lójú yín. Àpótí tó máa gbé e wọ HDMI, ihò tí mọ́nítọ̀ òde òní fi ń gba àwòrán, ìyókù ló kù fún un láti ṣe.

Àpótí méjì ni mo fi wéra lórí tábìlì mi ní Òkè-Ìlẹ̀wó. Ọ̀kan, owó rẹ̀ ò ju owó ẹran ọbẹ̀ ọjọ́ Àìkú lọ. Èkejì, àbúrò mi ló fi rán ẹni tó ń bọ̀ nílé láti Manchester, kò sì tíì yé rán mi létí iye tó rà á.

Ẹ jẹ́ n sọ irú ojú tí mo fi ń wo nǹkan, kẹ́ ẹ lè mọ bẹ́ ẹ ṣe máa gbà mí gbọ́ tó. Ilé ìtẹ̀wé kékeré ni mò ń tọ́jú: fọ́tòkọ́pì, ìwé ìpè ìyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, project àwọn ọmọ FUNAAB tí wọ́n máa ń gbé wá nígbà tó bá ku ọ̀la. Láti àárọ̀ dalẹ́, lẹ́tà ni mò ń wò. Lẹ́tà tí etí rẹ̀ bá ń gbọ̀n, ojú mi kì í gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá géèmù dùn, kó bi ẹlòmíì. Lẹ́tà àti àwọ̀ ni mo fi dán àwọn nǹkan wọ̀nyí wò.

Kọ̀ǹpútà méjì ló wà lọ́wọ́ mi. Àkọ́kọ́ ni Commodore 64 tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbé bọ̀ láti London nígbà tí mo ṣì wà nílé ìwé girama, tí wọ́n sì máa ń fi aṣọ bò bí ẹni pé àwa ọmọdé ò mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Èkejì ni Sinclair ZX Spectrum 48K, èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ jẹ́ rọ́bà, tí mo rà lọ́wọ́ bàbá kan tó ń kó ẹrù jáde nílé rẹ̀ ní Ìbàrà. Ọdún 1982 ni irú àwọn méjèèjì kọ́kọ́ dé ọjà. Tẹlifíṣọ̀n ilé ni wọ́n sì ṣe wọ́n fún.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ìgbà yẹn, ìlà ló fi ń ya àwòrán, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìlà 15,625 ní sẹ́kọ́ńdì kan, àwòrán 50 nínú sẹ́kọ́ńdì yẹn náà. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n máa ń pín àwòrán onílà 625 sí méjì: ìlà 1, 3, 5 á kọ́kọ́ lọ, ìlà 2, 4, 6 á tẹ̀ lé e. Àwọn kọ̀ǹpútà yìí ò bá wọn dá sí ìpín-sí-méjì yẹn. Wọ́n á ya ìlà 312, wọ́n á padà sókè, wọ́n á tún ya 312 mìíràn sójú ibi kan náà. Tẹlifíṣọ̀n ẹlẹ́yìn gbọọrọ gbà á bẹ́ẹ̀ láìjiyàn. Mọ́nítọ̀ òde òní kò gbà. Èyí tó ní VGA, ihò tí mọ́nítọ̀ ń lò ṣáájú HDMI, ń retí bí ìlà 31,500 ní sẹ́kọ́ńdì, ìyẹn ìlọ́po méjì. Èyí tó ní HDMI, nọ́ńbà ló ń jẹ. Ẹ fún un ní iná tó ń lọ sókè sódò nínú wáyà, kò ní mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwòrán lè gbà jáde lára àwọn méjì tó wà lọ́wọ́ mi, wọn ò sì dọ́gba rárá. Èyí tó burú jù ni ti áńténà. Kọ̀ǹpútà á da àwòrán pọ̀, á gbé e sórí channel 36 ti UHF, ẹ ó wá máa yí tẹlifíṣọ̀n kiri títí ẹ ó fi bá a pàdé. Ọ̀nà yẹn nìkan ni wọ́n fún Spectrum. Commodore náà ní in, ó sì ní ìtàn nílé wa. PAL, ìlànà tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀, ni àwa àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì jọ ń lò, ṣùgbọ́n wọ́n gbé ohùn tiwọn jìnnà sí àwòrán ní 6 MHz, tiwa jẹ́ 5.5. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi so ẹ̀rọ náà mọ́ tẹlifíṣọ̀n pálọ̀, àwòrán jáde ketekete, ohùn ò jáde, ariwo ṣááá ló ń ṣe. Gbogbo ilé ló gbà pé inú ọkọ̀ òfuurufú ló ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Ibi tí wọn ò ti sọ̀rọ̀ ni tẹlifíṣọ̀n wa ń tẹ́tí sí. Mọ́nítọ̀ tòní ní tirẹ̀ ò tiẹ̀ ní ihò áńténà, nítorí náà ẹ gbàgbé ọ̀nà yìí.

Ọ̀nà kejì ni composite, wáyà yẹ́lò tí gbogbo wa fi so VCD mọ́ tẹlifíṣọ̀n nígbà kan. Ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ jọ wà nínú wáyà kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ tó bá gbà á ló máa ṣẹ̀ṣẹ̀ yà wọ́n, kì í sì í yà wọ́n tán. Èyí tó ṣẹ́kù á wá di àwọn àmì kéékèèké tó ń rìn létí lẹ́tà bí eèrà tó rí ṣúgà. Ẹni tó ń wo àwòrán eléré lè má rí wọn. Èmi rí wọn.

Ọ̀nà kẹta fún ìmọ́lẹ̀ ní wáyà tirẹ̀, ó fún àwọ̀ ní tirẹ̀. S-video ni wọ́n sọ ọ́ nígbà tí ó gbòde ní 1987, Commodore 64 sì ti ń gbé e jáde ṣáájú ìgbà yẹn. Inú ihò róbótó tí wọ́n ń pè ní DIN, oníhò mẹ́jọ, ló wà: ìmọ́lẹ̀ ní ẹsẹ̀ 1, earth ní 2, ohùn ní 3, composite ní 4, àwọ̀ ní 6. Àwọn tó jáde níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, oníhò márùn-ún ni wọ́n, wọn ò ya àwọ̀ sọ́tọ̀. Ẹ ka ihò yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Tèmi jẹ́ mẹ́jọ.

Ibi tí iṣẹ́ wà nìyí, torí wáyà DIN sí S-video kò sí lórí àtẹ ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀ ní Abẹ́òkúta. Àwọn tó ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì wà, owó tí wọ́n sì ń gbà láti gbé e dé Nàìjíríà ju owó wáyà fúnra rẹ̀ lọ. Mo gbé Commodore náà sínú àpò, ó di ọ̀dọ̀ arákùnrin kan tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe nítòsí ọjà Kútọ̀. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ka ohun tí wọ́n kọ sídìí rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ̀rọ yìí mà ju èmi lọ lọ́jọ́ orí."

"Má sọ ọ́ sí i létí."

"Laptop tó wà nílé yín ńkọ́?"

"Ṣe wáyà fún mi jàre."

Ó ṣe é, ó sì ṣe é dáadáa. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ohun tó yẹ kẹ́ ẹ wò bẹ́ ẹ bá gbé irú iṣẹ́ yìí fún ẹnikẹ́ni. Àkọ́kọ́, DIN oníẹsẹ̀ mẹ́jọ pín sí méjì. Èyí tí Commodore ń lò, 262 degree ni, àlàfo tó wà láàárín ẹsẹ̀ méjì ìparí fẹ̀ díẹ̀ ju ti èkejì tó jẹ́ 270. Ẹ lè fipá ti 270 wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á tẹ̀ tàbí kí ihò ara kọ̀ǹpútà fẹ̀, ihò yẹn ò sì ní ìpààrọ̀ lọ́jà. Arákùnrin yìí wò ó lójú kan, ó ní òun ò ní fipá ti nǹkan kan, ó bẹ ẹni tó ń lọ sí Alábà kó bá òun mú èyí tó bára mu wá.

Èkejì ni resistor, ohun kékeré tó ń dín agbára iná kù lójú wáyà. Commodore máa ń gbé àwọ̀ jáde lágbára ju bí S-video ṣe ń retí rẹ̀ lọ, tó fi jẹ́ pé pupa àti búlúù á pọ́n kọjá ààlà, wọ́n á sì máa kọ ìlà sójú. Resistor 300 ohm lójú ọ̀nà àwọ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. 330 ló wà nínú ike rẹ̀, ó fi sí i, ó sì ṣiṣẹ́.

Mo dúró tì í nígbà tó ń jó o. Inú orí DIN yẹn ò ju orí àtàǹpàkò lọ, ó sì ní láti kó wáyà ìmọ́lẹ̀, wáyà àwọ̀, earth àti wáyà ohùn wọ inú rẹ̀ láìjẹ́ kí wọ́n kanra. Ó fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́rùn, ó fi ẹnu fẹ́ èéfín lẹ́ẹ̀dì kúrò lójú, ó mú míta, ó ń kàn án lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀, míta ń ké, òun náà ń pè é: "Ọ̀kan, ó wọlé. Méjì, ó wọlé." Kò gbé e fún mi títí tó fi rí i dájú pé ẹsẹ̀ 8 ò kan ohunkóhun, torí iná 5 volt wà níbẹ̀ lára àwọn Commodore kan. Oníṣẹ́ tó bá ṣe báyìí, ẹ fún un ní owó tó bá pè. Àléébù tirẹ̀ kan ṣoṣo ni pé bó bá ní "ẹ padà wá lọ́la", kì í ṣe ọ̀la tó wà nínú kàlẹ́ńdà ló ń wí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sórí àpótí.

Èyí tó rọjú náà jẹ́ ike dúdú kékeré tó wọ inú àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n kọ AV2HDMI sí i lára, kò ní orúkọ bàbá kankan. Ihò yẹ́lò, funfun àti pupa wà lápá kan, HDMI wà lápá kejì, bọ́tìnnì kan wà tó ń yan 720p tàbí 1080p. Kò gba S-video. Àwọn kan wà tó gbà á, èyí tó wà káàkiri ṣọ́ọ̀bù níbí ò gbà á, nítorí náà wáyà yẹ́lò náà ni mo so.

Ó gbé àwòrán wá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kì í ṣiṣẹ́. Ojú búlúù náà yọ, pẹ̀lú  COMMODORE 64 BASIC V2  lókè, 38911 BASIC BYTES FREE nísàlẹ̀ rẹ̀, READY, àti onígun mẹ́rin kékeré tó ń ṣẹ́jú. Inú mi dùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo tẹ èyí:

10 PRINT "ABEOKUTA ";
20 GOTO 10
RUN

Ẹ foríjì mí fún àmì tí kò sí lábẹ́ E. Wọn ò rò wá mọ́ ọn. Orúkọ ìlú wa bẹ̀rẹ̀ sí í sá gorí ojú mọ́nítọ̀ ní dágùn-dágùn, ibẹ̀ sì ni àpótí náà ti fi ara rẹ̀ hàn. Ó rò pé ìlà 312 tó ń gbà jẹ́ ìdajì àwòrán. Ó ń dúró de ìdajì kejì tí kò sí, àwòrán mìíràn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ló wá ń gán mọ́ ọn. Bí ohun gbogbo bá dúró sójú kan, ẹ ò ní mọ̀. Bí nǹkan bá ń rìn, lẹ́tà tòní àti lẹ́tà àná á jọ wà lójú kan, etí wọn á sì rí ṣákáṣàka. Kò tán síbẹ̀. Àwòrán 50 ló ń wọlé ní sẹ́kọ́ńdì, 60 ló ń jáde, nítorí náà nínú àwòrán márùn-ún kọ̀ọ̀kan, ó ní láti pe ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ohun tó ń rìn ń kọsẹ̀. Bẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, ó ń pẹ́ díẹ̀ kí lẹ́tà tó jáde. Mi ò fi ẹ̀rọ kankan wọn ìyẹn, ọwọ́ ẹni tó ń tẹ̀wé jẹun ló sọ fún mi. Ó tún fa àwòrán ní ìbú kó lè kún mọ́nítọ̀ gbọọrọ, gbogbo O wá sanra.

Mo tẹ POKE 53280,2 láti sọ etí àwòrán di pupa. Pupa náà ò dúró sáyè rẹ̀, ó ń ṣàn wọ inú búlúù. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Àpótí kejì ni RetroTINK 2X, iṣẹ́ Mike Chi ní Amẹ́ríkà. Òun náà kéré, iná USB ló ń lò, ó gba composite, S-video àti component (èyí tó ń pín àwòrán sí wáyà mẹ́ta), ó sì gba ohùn wọlé kó lè bá àwòrán lọ nínú HDMI. Ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ ló yàtọ̀. Kò kó gbogbo àwòrán jọ kó tó gbé e jáde. Ìlà kan wọlé, ó sọ ọ́ di méjì, ó jù ú síta, ó mú òmíì. Nítorí náà kò sí ìdádúró tí ọwọ́ ènìyàn lè mọ̀. Ó sì mọ̀ pé ìlà 312 jẹ́ odidi àwòrán, kò wá ìdajì kankan kiri. 50 wọlé, 50 jáde.

Mo so wáyà Kútọ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀yin ará, lẹ́tà! Lẹ́tà Commodore kọ̀ọ̀kan jẹ́ àmì mẹ́jọ ní ìbú, mẹ́jọ ní òró, mo sì lè ka àmì tó wà lẹ́sẹ̀ A lọ́kọ̀ọ̀kan. Eèrà kankan ò rìn. Pupa dúró sáyè tirẹ̀, búlúù dúró sáyè tirẹ̀. ABEOKUTA ń sá lọ láìkọsẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn gan-an, ẹ ó rí àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ṣókùnkùn díẹ̀ tó dúró lóòró nínú búlúù náà. Inú Commodore fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ̀, láti ara VIC-II tó ń ya àwòrán. RetroTINK ò dá wọn sílẹ̀, kò sì lè pa wọ́n rẹ́.

Nígbà tí mo rí gbogbo èyí tán, mo yọ wáyà S-video, mo ki wáyà yẹ́lò bọ inú àpótí olówó ńlá yẹn. Eèrà padà dé, pupa padà ṣàn. Wọ́n dín ju ti àpótí olówó pọ́ọ́kú lọ, ìrìn àwòrán sì ṣì dán, ṣùgbọ́n lẹ́tà tí mo fẹ́ ti lọ. Owó tí àbúrò mi ná lórí àpótí ò ra ohun tí arákùnrin Kútọ̀ fi lẹ́ẹ̀dì àti resistor kan ṣe.

Àwọn ohun tí mi ò fẹ́ lára RetroTINK: kò kọ nǹkan kan sójú mọ́nítọ̀ láti sọ ibi tẹ́ ẹ wà, bọ́tìnnì kékeré ni ẹ ó máa tẹ̀, ọ̀kan ń yan ihò tó ń gbà wọlé, èkejì ń yan bó ṣe máa gbé e jáde. Ó ní ọ̀nà kan tó ń mú àwòrán rọ̀. Ẹ pa á bí ẹ bá ń ka lẹ́tà. Ìlọ́po méjì nìkan ló sì ń ṣe, ìyókù tó máa fi kún ojú mọ́nítọ̀, mọ́nítọ̀ ni yóò ṣe é fúnra rẹ̀, òmíì ń ṣe é dáadáa, òmíì ń fi omi pa á.

Ọ̀rọ̀ mọ́nítọ̀ ti dé nìyẹn, ó sì ṣe pàtàkì ju bí àwọn tó ń tà á ṣe rò. Nítorí pé ohun tó wọlé ni RetroTINK ń gbé jáde, mọ́nítọ̀ yín gbọ́dọ̀ gba 50 ní sẹ́kọ́ńdì. Èyí tí mò ń lò ní ṣọ́ọ̀bù, 60 nìkan ló mọ̀; ó kọ "Out of range", ó sì sùn. Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà nílẹ̀ wa kì í sábà ṣe irú èyí, torí ilẹ̀ tó ń lo 50 bíi tiwa ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Mo gbé Commodore, RetroTINK àti wáyà lọ sí Pánṣẹ́kẹ́ láti wá mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀. Ọmọkùnrin tó ń tajà wo ohun tí mo gbé sórí tábìlì rẹ̀, ó ní, "Mummy, kíbọ́ọ̀dù nìkan lẹ gbé wá, CPU rẹ̀ dà?" Mo ní òun ló ń wò yẹn. Kò gbà mí gbọ́ títí ojú búlúù fi yọ, ó sì pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù kejì.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ má ra mọ́nítọ̀ tẹ́ ẹ ò tíì dán wò pẹ̀lú kọ̀ǹpútà yín, iná ìbá wà tàbí kó má sí. Bí kò bá sí, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Èyí tí mo mú ni ti àtijọ́ tí ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ní ìbú àti òró, kì í fa O. DVI ló ní, ihò mìíràn tó ń gba nọ́ńbà bíi HDMI, wáyà HDMI sí DVI ò sì wọ́n. Ẹ kàn rántí pé DVI ọ̀hún kì í gbé ohùn. Mo ní kí arákùnrin Kútọ̀ fa wáyà ohùn láti ẹsẹ̀ 3 lọ sára sípíkà kékeré tààrà, ọ̀rọ̀ sì parí.

Spectrum ńkọ́? Òun ló gba sùúrù. Ọ̀nà áńténà nìkan ló ní, nítorí náà wọ́n ní láti ṣí i. Nínú rẹ̀, àwòrán composite ti wà kó tó wọ inú páànù kékeré tó ń gbé e sórí channel 36. Iṣẹ́ náà ni kí wọ́n já páànù yẹn kúrò lójú ọ̀nà, kí wọ́n sì fa wáyà composite lọ sí àárín ihò tí wọ́n ń ti áńténà bọ̀. Kò sí ihò tuntun, kò sí ike tí wọ́n gé, ẹni tó bá fẹ́ dá a padà sí bó ṣe wà lè ṣe é. Ẹ ṣọ́ wáyà pẹlẹbẹ tó so kíbọ́ọ̀dù mọ́ bọ́ọ̀dù bẹ́ ẹ bá ń ṣí ìdérí rẹ̀. Ó ti gbẹ láti ọdún wọ̀nyí, ó sì máa ń ṣẹ́.

Composite lásán ni, nítorí náà eèrà wà. RetroTINK gbà á, mọ́nítọ̀ gbà á, yẹ́lò àti búlúù rẹ̀ mọ́lẹ̀ yòò. Àpótí olówó pọ́ọ́kú náà gbé e, ó kàn ń kọsẹ̀ ni. Lórí Spectrum, ìyàtọ̀ àárín àpótí méjèèjì ò tó bó ṣe tó lórí Commodore, bó bá sì jẹ́ Spectrum nìkan lẹ ní, mi ò ní bá yín jà bẹ́ ẹ bá ra èyí tó rọjú. Wàhálà ohùn kò sí, inú rẹ̀ ni sípíkà rẹ̀ wà, ibẹ̀ ló ti ń ké.

Fún àwọn tó ní ẹ̀rọ mìíràn, n ó yára sọ ọ́. BBC Micro ní ihò DIN oníẹsẹ̀ mẹ́fà tó ń gbé pupa, gíríìnì àti búlúù jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àpótí RGBtoHDMI, tó ń lo kọ̀ǹpútà kékeré Raspberry Pi Zero, ni wọ́n ṣe fún un gan-an, àwòrán rẹ̀ mọ́ ju gbogbo ohun tí mo ti sọ lọ, àmọ́ kì í gbé ohùn. Amiga náà ní RGB, ìyẹn àwọ̀ mẹ́ta yẹn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ihò oníẹsẹ̀ 23 ló wà fún un. Àpótí OSSC, tí Markus Hiienkari ti Finland ṣe, dára fún un, àmọ́ kò gba composite tàbí S-video, nítorí náà kò wúlò fún Commodore 64 tèmi. Àwọn tó ní Atari ST ló ní oríire jù: àwòrán dúdú-funfun rẹ̀ yára tó fún ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ VGA, wáyà lásán ti tó.

Ohun tó ṣẹ́kù ni iná, mi ò sì ní fi ṣeré níbí. Bíríkì iná tó bá Commodore 64 wá láti London, ẹ má kì í bọ iná. Apá 5 volt inú rẹ̀ ló máa ń bàjẹ́ sókè, tó bá ti ju 5.25 lọ, ó ń jó RAM, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ìrántí rẹ̀ sí, ni. Wọ́n fi gúlù dídì kún inú rẹ̀, kò ṣeé tún ṣe. Arákùnrin Kútọ̀ bá mi to tuntun: 5 volt DC láti ara adapter tó dáa, 9 volt AC láti ara transformer. AC ni 9 yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́, ara rẹ̀ ni SID tó ń ṣe ohùn ti ń rí iná tirẹ̀. Spectrum ń lo 9 volt DC, àárín ẹnu rẹ̀ sì ni negative wà, ìdàkejì ọ̀pọ̀ adapter tó wà lọ́jà. Ẹ fi míta wò ó kẹ́ ẹ tó ti i bọ̀ ọ́. Àwọn méjèèjì ń gba ara sítábíláísà kọjá nílé mi, ẹ̀yin náà mọ bí iná àdúgbò wa ṣe ń fò.

Bí mo bá fẹ́ tún ná owó náà láti ìbẹ̀rẹ̀, iná ni mo máa kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn náà wáyà S-video, lẹ́yìn náà mọ́nítọ̀ tó gba 50, kí n tó wá ronú kan RetroTINK. Ẹni tí owó ò tíì ká a lè fi àpótí tó gba S-video lára àwọn olówó pọ́ọ́kú dì í mú. Ìrìn rẹ̀ á kọsẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ á ṣeé kà. Orí DIN 262 díẹ̀ ṣì wà nínú ike arákùnrin Kútọ̀ nígbà tí mo kọjá níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó tètè lọ, kó sì fi ọ̀sẹ̀ kan kún "ọ̀la" tó bá dá fún un.